Gbèsè Tó Lé Kápùtẹ́ẹ̀nì Davies Lọ Sóko

Ẹ̀yin tó wà ní Ìkẹjà GRA, láti Òpópónà Isaac John títí dé Òpópónà Ṣóbọ̀ Aróbíodu, ẹ̀yin ará Agége, Ìfàkọ̀ àti Ògbà, àti ẹ̀yin tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ká mọ́ ojú ọ̀nà Ọba Akran, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí, tí ilé iṣẹ́, ilé ìtura àti báńkì kún orí rẹ̀ lónìí, oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó dà báyìí. Ní ẹ̀gbẹ́ Agége níbí ni oníṣòwò kan ti fi owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọdún tó kù nínú ayé rẹ̀ lé orí ohun tí kò ní ọjà kankan nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà. James Pinson Labulo Davies ni orúkọ rẹ̀. Kápùtẹ́ẹ̀nì ni, torí ó ti tukọ̀ ojú omi rí. Kòkó ni ó gbìn.

Bí a bá dárúkọ ẹni tó ń náwó síbi tí èrò ti ń sá, tó ń rà nígbà tí àwọn yòókù ń tà, Amẹ́ríkà ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ. A ó dárúkọ Warren Buffett, a ó ka iye ọrọ̀ rẹ̀, a ó sì gbà pé ojú inú ni ẹ̀bùn irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí a wò ó nítòsí, kí a sì wò ó dáadáa. Ohun tí mo rí nínú ìgbésí ayé Davies ni pé gbèsè tó wó ilé iṣẹ́ rẹ̀ palẹ̀ ni ó tún tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ kàlẹ́ńdà àwọn tó ń gbé ọjà fún un láwìn. Gbogbo Èkó ń ka oṣù. Òun wà ní ipò ẹni tó lè ka ọdún márùn-ún. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ rẹ̀ wà, ẹni tó bá sì sọ ìtàn rẹ̀ tó yọ gbèsè kúrò níbẹ̀ ti yọ egungun kúrò nínú ara.

Ọmọ Sàró ni Davies. Wọ́n bí i sí Bathurst ní Sierra Leone, ní oṣù kẹjọ ọdún 1828. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n wà lára àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú. Ó kàwé ní Freetown, ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà nínú ọkọ̀ ogun Bloodhound nígbà tí wọ́n fi àgbá fọ́ Èkó ní 1851. Apá yẹn kò dùn ún gbọ́ fún ọmọ Èkó, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìtàn, a kò sì gbọdọ̀ fò ó. Lẹ́yìn náà ni ó di ọ̀gá ọkọ̀ oníṣòwò, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1856. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀kan nínú àwọn tí ìlú ń wò. Nígbà tí Thomas Babington Macaulay ń dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, Davies ni ó gbé £50 kalẹ̀ fún ìwé àti ohun èlò. Ní 1862 ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní Brighton, ọmọbìnrin ilẹ̀ Yewa tí a mọ̀ sí Àìná, tí àwọn ará Dahomey kó lẹ́rú ní kékeré, tí Ọbabìnrin Victoria sì wá di alágbàtọ́ rẹ̀. Láti 1872 dé 1874, Davies wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà Marina lọ́dún wọ̀nyẹn á rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí sí ire.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú ìdí ọrọ̀ náà wò. Epo pupa àti èkùrọ́ ni Èkó ìgbà náà fi ń jẹun. Àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Manchester àti Liverpool á kó aṣọ, ọtí àti tábà ránṣẹ́ sí oníṣòwò Èkó láwìn. Oníṣòwò Èkó á pín in láwìn fún àwọn aláròóbọ̀. Àwọn aláròóbọ̀ á gbé e gba ọ̀sà lọ sí Ìkòròdú àti Ẹ̀jìnrìn, tàbí kí wọ́n gba odò Ògùn lọ sí ìhà Abẹ́òkúta, epo àti èkùrọ́ á sì máa bọ̀ wá sí etíkun. Wọ́n á kó o sọ́kọ̀, gbèsè á wálẹ̀, òmíràn á sì bẹ̀rẹ̀. Àwìn gun àwìn, gbogbo rẹ̀ sì rọ̀ mọ́ kí owó yí po láàárín oṣù mélòó kan. Ibi tó bá ti já, gbogbo rẹ̀ ló já. Láti 1852 ni ọkọ̀ ojú omi tó ń fi ooru omi rìn ti ń wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì déédéé, ìyẹn sì yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí kò tún sí ìdí fún oníṣòwò láti ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ní àgbá epo mẹ́wàá lè sanwó àyè nínú ọkọ̀, kó sì di oníṣòwò òkèèrè. Àwọn oníṣòwò wá pọ̀ sí i, èrè orí àgbá kọ̀ọ̀kan sì ń tín-ín-rín. Iye tí epo pupa ń mú wá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń lọ sílẹ̀, torí epo rọ̀bì láti Amẹ́ríkà àti oríṣiríṣi epo mìíràn ti bá a dé ọjà. Lórí gbogbo èyí, ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì parí títí di 1893. Tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ bá ti fojú kojú, tí ọ̀nà bá ti dí, kí ni aláròóbọ̀ fẹ́ gbé wá sí etíkun?

Láàárín àwọn ọdún 1870 yìí ni ẹ̀wọ̀n àwìn já mọ́ Davies lọ́wọ́. Ó jẹ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gbèsè tí apá rẹ̀ kò ká mọ́, ọ̀rọ̀ náà di ti ilé ẹjọ́, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn tí gbèsè ti borí. Fún ẹni tó jẹ́ aṣòfin, tó jẹ́ àna ààfin lọ́nà kan, ìtìjú yẹn kì í ṣe kékeré. Nǹkan bí 1880 ni ó wá gba irúgbìn kòkó láti inú ọkọ̀ kan tó ti Brazil wá, ó sì tún rí òmíràn gbà láti erékùṣù Fernando Po tí à ń pè ní Bioko lónìí. Ó gbìn ín sí oko rẹ̀ ní Ìjọ̀n, ní ẹ̀gbẹ́ Agége níbí. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 1880, ni ikọ́ ẹ̀gbẹ pa aya rẹ̀ ní Madeira, níbi tó lọ gbàtọ́jú. Ọkùnrin tó pàdánù okòwò, tó pàdánù aya, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ni ó ń bẹ̀rẹ̀ oko tí kò sí ẹni tó lè sọ fún un bóyá yóò so.

Ẹ wo ohun tí kòkó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ilẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ ṣán. A ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò kí òòrùn má bàa pa irúgbìn, ìbòòji yẹn náà ni a ó sì máa jẹ nígbà tí a bá ń dúró. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni igi máa lò kó tó so èso tó ṣeé tà, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó máa so fún ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nínú ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, owó ń jáde ni, kò sí èyí tó ń wọlé. Ẹ wá fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbésí ayé oníṣòwò tí ilé iṣẹ́ Manchester ń retí epo lọ́wọ́ rẹ̀ kí òjò tó dá. Bó tilẹ̀ gbọ́n bí ìjàpá, kò lè gbin kòkó. Bí ó bá yọ £100 nínú owó ọjà tó gbà láwìn, tó fi ṣán igbó, ẹni tó gbé ọjà fún un kò ní dúró de igi. Ohun tó mú Èkó dúró ti epo pupa nígbà tí èrè rẹ̀ ń gbẹ kì í ṣe àìmọ̀kan. Wọ́n mọ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ wọn ni kò jẹ́ tiwọn, ó sì ní ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ padà sílé. Davies ti jìyà tó wà nínú àìsan gbèsè. Kò sí ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tí yóò gbé ọjà fún un bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn yẹn ni ó gbé ojú rẹ̀ kúrò ní etíkun, tó sì jẹ́ kí ìwọ̀nba tó kù sí i lọ́wọ́ di owó tí ó lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọdún márùn-ún láìsí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Ẹnìkan lè sọ pé ohun tí mò ń sọ yìí gan-an ni ó pa ẹ̀rí mi. Bó bá jẹ́ pé àìrí-ṣe ni ó lé e lọ sóko, kí ni a tún ń pè é ní olùdókòwò sí? Ẹni tí wọ́n tì jáde lọ́jà kò kọ ẹ̀yìn sọ́jà. Ọjà ni ó kọ ẹ̀yìn sí i. Àtakò yìí lágbára, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Mo gbà pé àìrí-ṣe ni ó mú un kúrò ní Marina. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni gbèsè wó lára àwọn oníṣòwò Èkó láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn kan gba iṣẹ́ ìjọba. Àwọn kan di aṣojú fún ilé iṣẹ́ òyìnbó tí wọ́n ti ń bá dọ́gba tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ta ilé, wọ́n sì tún padà sínú àwìn kan náà. Àìrí-ṣe lè sọ ìdí tí ènìyàn fi jáde ní ilé kan, kò lè sọ ìdí tó fi wọ ilé kejì. Davies ti rin etíkun Áfíríkà lọ rin bọ̀, ó mọ ohun tí ọkọ̀ ń kó ní erékùṣù wọ̀nyẹn, ó mọ ohun tí àwọn ará Yúróòpù ń rà. Ìmọ̀ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó lówó, kò sì fi ṣe oko kòkó. Ìgbà tí kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́ fún un mọ́ ni ó tó rí àyè lò ó. Ìmọ̀ àti òmìnira ni wọ́n pàdé ní Ìjọ̀n, ìkan nínú méjèèjì kò lè dá a ṣe.

Àwọn mìíràn á ní kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́. Òótọ́ ni. Ìtàn àgbẹ̀ Nàìjíríà sọ pé Squiss Ibaningo ti mú kòkó láti Fernando Po wá sí ìhà Bonny ní 1874. Ní Gánà, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, Tetteh Quarshie mú kòkó láti erékùṣù kan náà wá sí Mampong ní Akuapem ní 1879. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn ènìyàn mẹ́ta, níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣe gbé igbésẹ̀ kan náà láàárín ọdún mẹ́fà, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọgbà ìdánwò irúgbìn tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta, lábẹ́ Gómìnà Alfred Moloney, ọdún 1887 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìyẹn ni pé igi Davies ti ń so kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Nítorí náà, kí Davies má jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ kò bu iyì rẹ̀ kù. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbìn ín síbi tí àwọn ẹlòmíràn lè rí i, tí wọ́n sì lè kó o lọ ilé, ni ó jẹ́ fún ilẹ̀ Yorùbá.

Àtakò kẹta ni ó ń dà mí láàmú jù. A rántí kòkó torí pé kòkó yọrí sí rere. Àwọn olóko àyíká Èkó gbin kọfí náà, Brazil sì gbin kọfí débi pé owó rẹ̀ já wálẹ̀ káàkiri ayé ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn tó fi gbogbo ara lé kọfí náà kọ ẹ̀yìn sí epo pupa. Àwọn náà ní sùúrù. Wọ́n fi sùúrù gba àdánù ni. Ta ní ń sọ̀rọ̀ wọn lórí rédíò? Mo gbà pé sùúrù nìkan kì í mú èrè wá, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kó lọ ri owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí mò ń sọ kéré sí ìyẹn: ẹni tí kò ní àkókò kò lè jàǹfààní nínú ohun tó nílò àkókò, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Ẹni tó ní àkókò lè jèrè, ó sì lè pàdánù. Èyí àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ sí nínú eré.

Ẹni tó sọ oko kan di ọrọ̀ ìlú ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, olóko Ìfàkọ̀ ní Agége níbí. Nígbà tí Coker ń gbin kòkó, ogun Kírìjì ti parí, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896 sì dé Ìbàdàn nígbà tí ọ̀rúndún tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Ojú irin yẹn gba àárín Agége kọjá. Ní 1901, Coker wà lára àwọn aṣíwájú tó yà kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's, Breadfruit, tí wọ́n sì dá African Church sílẹ̀. Ní 1907, àwọn olóko Agége dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, Coker sì ni olórí wọn. Àwọn lébìrà tó ń wá ṣiṣẹ́ ní Agége ti òkè wá, láti Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Oǹdó àti Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n bá ń padà lọ sílé, wọ́n á mú irúgbìn dání, wọ́n á sì mú ìmọ̀ bí a ṣe ń gbìn ín dání, bí a ṣe ń gé èso, bí a ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè wú, bí a ṣe ń sá a. Àwọn ajíhìnrere African Church náà ń gbé e lọ, tí ìwàásù bá parí, ọ̀rọ̀ oko á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka èrè Davies láti inú oko Ìjọ̀n nìkan kò tíì kà á dé ibì kankan. Davies kú ní oṣù kẹrin 1906, kò gba kọ́bọ̀ lórí igi kan tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà gbìn sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ fi kún un pé àwọn lébìrà wọ̀nyẹn, tí kò sí orúkọ wọn níbì kankan, ni wọ́n ṣán igbó tí à ń pè ní oko Coker àti oko Davies. Tí ẹnìkan bá fẹ́ kọ ìtàn ìdókòwò yìí láìdárúkọ òógùn wọn, irọ́ ni yóò kọ.

Ó wá ku àwọn tó ń sọ pé kòkó Agége kò pẹ́. Wọn ò purọ́. Ilẹ̀ Agége kò dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ Oǹdó fún kòkó, nígbà tí owó kòkó sì já láàárín 1920 àti 1921, lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ olóko ńlá Agége kò padà sí ipò wọn mọ́. Obì gbànja ni ó wá gba ilẹ̀ náà. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé e lọ sí Kánò, àwọn Hausa oníṣòwò obì sì wá jókòó sí Agége, àwọn ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ṣé kí a wá sọ pé Davies kùnà nítorí pé igi mìíràn ni ó kẹ́yìn lórí ilẹ̀ Agége? Mo rí i bí ẹ̀rí lọ́nà mìíràn. Àwọn tí 1920 pa lára jù ni àwọn tó ti sọ kòkó di epo pupa kejì, tí wọ́n ń ná owó èso tí kò tíì pọ́n. Ohun tí èrò ń sá fún ní 1880 ni èrò ń rọ́ lọ síbẹ̀ ní 1919. Kòkó kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni. Ọjọ́ tó wà lórí owó ni ó yàtọ̀.

Ìtàn náà sì tún padà wá sí Ìkẹjà lọ́nà tí mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè rí tẹ́lẹ̀. Ìkẹjà wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1967. Láti 1947 ni àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ti wà, ní 1954 ó sì di ti Ìwọ̀-Oòrùn fúnra rẹ̀. Àjọ náà ń san iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé fún àgbẹ̀, ó sì ń kó èyí tó ṣẹ́kù pamọ́, tí ìjọba sì ń rí lò. Nínú owó bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti rí agbára la àdúgbò ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà ní òpin àwọn ọdún 1950, wọ́n là títì, wọ́n fa iná àti omi, wọ́n sì pe àwọn tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọdún 1960 ni Cadbury fìdí ilé iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ ní Àgídìngbí, tó ń fi kòkó ṣe Bournvita. Ẹ fojú inú wò ó: kòkó kúrò ní ẹ̀gbẹ́ Agége, ó lọ sí Oǹdó àti Èkìtì, ó di owó, owó náà sì padà wá di títì àti ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, níbi tí ènìyàn ti lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Agége. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìdùnnú yìí bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó dúró de igi fún ọdún márùn-ún kò jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu bí a ó ṣe ná owó wọn. Sùúrù jẹ́ tiwọn, èrè jẹ́ ti ìjọba. A gba ilé ìwé ọ̀fẹ́, a gba títì, a sì gba ilé iṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó tọ́ kí a mọ ẹni tó san án.

Lónìí ńkọ́? Ní oṣù kẹrin 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá $10,000 lọ́jà àgbáyé, kí ọdún náà tó parí ó ti kọjá $12,000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ronú kan oko rí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilẹ̀ kòkó. Kí 2025 tó parí, owó náà ti já wá sí nǹkan bí ìdajì. Igi tí ènìyàn gbìn nígbà tí ariwo wà lókè, 2028 tàbí 2029 ni yóò so, kò sì sí ẹni tó mọ iye tí yóò bá lọ́jà. Ẹni tó rọ́ lọ síbẹ̀ torí owó 2024 ń ra ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ní sùúrù fún tẹ́lẹ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkó nìkan. Ẹ wo ojú ọ̀nà Ọba Akran. Dunlop tó ń ṣe táyà níbẹ̀ dá iṣẹ́ táyà dúró ní òpin 2008. Àwọn ilé ńlá kan tí ẹ̀rọ ti ń dún tẹ́lẹ̀ ní àyíká yìí ti di ilé ìkẹ́rùsí, gbọ̀ngàn ìnáwó tàbí ilé ìjọsìn. A máa ń dá iná mànàmáná lẹ́bi, ẹ̀bi náà sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, owó tí oníṣòwò ń yá ní báńkì sì gbówó lórí ju ìyẹn lọ. Ta ni yóò yá irú owó bẹ́ẹ̀ kó fi gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ tí yóò lo ọdún márùn-ún kó tó mú èrè wá? Ọjà tí ó wọlé ní Àpápá lónìí tí a tà tán lóṣù tó ń bọ̀ nìkan ni ó lè ru èlé bẹ́ẹ̀. A ti padà sí Marina ọdún 1875. Àwọn oníṣòwò wa mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe bí ti ìgbà yẹn. Ọjọ́ tó wà lórí owó ni kò jẹ́. Àwọn tó ń bá wọn wí pé wọn kò ní ìran, pé gbogbo wọn kàn fẹ́ jèrè kíákíá, ń bá ẹni tí a so lókùn wí pé kò sáré.

Inú ìwé ni a ti lè rí ọjọ́ tó wà lórí owó Davies, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ fi ká mi lára. Ní oko Ìjọ̀n, Davies gbé òkúta ńlá kan ró ní ìrántí aya rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i pé ọmọba ni, wọ́n kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú oyè rẹ̀, wọ́n kọ Madeira àti ọjọ́ tó kú. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, kò sì yẹ kí ìnáwó wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí òkúta kọ náà ni àwa náà ń kọ láti ìgbà yẹn: àwòrán ìgbéyàwó Brighton, lẹ́tà ààfin, ẹ̀wù funfun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye eékà tí Davies kọ́kọ́ ṣán, iye tó san fún lébìrà, ọdún tó kọ́kọ́ ta kòkó àti ẹni tó rà á, iṣẹ́ ńlá ni yóò ṣe nínú ìwé ilé ẹjọ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ Èkó kó tó rí díẹ̀. Àwọn ilé ìwé gíga tó wà ní Èkó ní ọmọ tó ń kọ́ nípa ìtàn àti ìmọ̀ okòwò. Àwọn ẹbí àwọn olóko àtijọ́ ní Ìfàkọ̀, Agége àti Àlímọ̀ṣọ́ ṣì ní ìwé ilẹ̀, ìwé owó àti lẹ́tà nínú àpótí, ikán sì ń jẹ ẹ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé gbèsè. Kó kọ iye tí ọkùnrin náà jẹ, ẹni tó jẹ ẹ́ ní, ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ rẹ̀, kó tó kan igi kòkó àkọ́kọ́.

Ibi tí a ó dúró sí lónìí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ìwé irú èyí wà nílé yín, ẹ gbé e jáde kúrò nínú àpótí, kí ẹ fi han àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n kà.